Ṣé O Mọ̀? Kóríyá fún Dókítà Tó Ń Tọ́jú Mẹ̀kúnnù ní Jos

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìwòsàn kan wà nílùú Jos tí aláìsàn lè wọlé síbẹ̀ kó gba ìtọ́jú láìsan owó? Faith Alive ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1996 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Isichei, dókítà tó ti kọ́ni ní Yunifásítì Jos, dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní kòkòrò HIV ló rí ibi fẹ̀yìn tì níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yọ̀ǹda ara wọn sì wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ náà ró.

Ṣé o mọ ohun tí ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ dókítà? Ẹni tó bá ti iṣẹ́ ìjọba dé lọ́sàn-án, tó tún lọ jókòó ti aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, àkókò tí ì bá fi pawó ní ilé ìwòsàn aládàáni ló yọ̀ǹda yẹn. Bí ọdún bá wá parí, òun àti ẹni tí kò fọwọ́ kan tálákà kankan láti January dé December, ọ̀nà kan náà ni wọn yóò gbà tún láísẹ́ǹsì wọn ṣe. Wákàtí tó fi sin mẹ̀kúnnù kò dín kọ́bọ̀ kù nínú owó tí yóò san. Ìyẹn kò dára. Ó sì ṣeé tún ṣe.

Ṣé o mọ bí dókítà ṣe ń gba láísẹ́ǹsì lórílẹ̀-èdè yìí? Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní MDCN ló ń fún wọn. Bí ọmọ bá jáde ní yunifásítì, ìforúkọsílẹ̀ onígbà díẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rí gbà. Ọdún kan ni yóò fi ṣe háosì jọ́ọ̀bù lábẹ́ àwọn ọ̀gá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, tí yóò sì lọ sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Láti ìgbà náà lọ, láísẹ́ǹsì rẹ̀ ń parí lọ́dọọdún. Kó tó gba òmíràn, ó gbọ́dọ̀ sanwó, ó sì gbọ́dọ̀ kó àwọn máàkì CPD jọ láti fi hàn pé òun ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣègùn ni wọ́n sábà máa ń ti rí àwọn máàkì yìí. Òfin tó gbé ìgbìmọ̀ náà dúró lónìí, ìjọba ológun ló ṣe é lọ́dún 1988.

Láísẹ́ǹsì tó ń parí lọ́dọọdún ń fún ìlú láyè láti bá dókítà sọ̀rọ̀ lọ́dọọdún. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Ṣé o rántí àbádòfin ọdún 2023? Ganiyu Johnson, aṣojú-ṣòfin láti Ìpínlẹ̀ Èkó, ló gbé e wá. Ó ní dókítà tó bá kàwé ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún 5, ó kéré tán, kí MDCN tó fún un ní láísẹ́ǹsì kíkún. Ní ọjọ́ 6 oṣù April ọdún náà, Ilé Aṣojú-ṣòfin kà á nígbà kejì. Inú bí àwọn dókítà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ àkànṣe, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NARD, gùn lé ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ 5 ní ọjọ́ 17 oṣù May, wọ́n sì ka fífagi lé àbádòfin yìí mọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè. Sáà ilé ìgbìmọ̀ náà parí ní June, àbádòfin náà kò sì di òfin.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá àbádòfin náà wí nítorí pé ó fẹ́ fi túláàsì dá dókítà dúró. Èmi rí àléébù mìíràn nínú rẹ̀ tó tún burú ju ìyẹn lọ: kò sọ ẹni tí dókítà náà yóò tọ́jú. Ó lè lo ọdún 5 rẹ̀ tán ní Victoria Island láàárín àwọn olówó, kó gba láísẹ́ǹsì kíkún, kí ẹnikẹ́ni ní Barkin Ladi tàbí Riyom, ní Plateau níbí, má sì rí i sójú.

Ṣé o mọ iye tó ti lọ? Ní oṣù April ọdún 2025, Mínísítà Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọdún 5 sí 7. Ó ní owó tí wọ́n fi ń kọ́ dókítà kan ṣoṣo lé ní 21,000 dọ́là.

Ṣé o sì mọ̀ pé títí di òpin ọdún 2021, 5,000 náírà lóṣù ni owó ewu iṣẹ́ dókítà ìjọba àpapọ̀? Dókítà tó ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lójoojúmọ́! Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ ọ́ di 32,000 sí 40,000. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń jápá kò níláti wá a jìnnà.

Ewu iṣẹ́ yìí kì í ṣe àsọdùn ní Jos. Ṣé o mọ̀ pé ìlú yìí wà nínú ìtàn ibà Lassa láti ìbẹ̀rẹ̀? Ní January 1969, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, láti abúlé Lassa wá sí ilé ìwòsàn Evangel ní Jos, èyí tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀ ní 1959. Kò yè é. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, Charlotte Shaw, kó àìsàn náà, òun náà kú. Ẹnì kẹta, Penny Pinneo, ṣàìsàn títí wọ́n fi gbé e lọ sí New York, ó sì yè. Dókítà Jeanette Troup ló tọ́jú wọn. Òun ló ń wá ohun tó ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ kiri. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, bí àìsàn náà ṣe tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, ó ń yẹ òkú ẹnì kan tí àìsàn náà pa wò, ó gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Lassa pa òun náà ní February 1970.

Ilé ìwòsàn yẹn náà ni a mọ̀ lónìí sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bingham. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin tí ìtọ̀ ń dà lára wọn láìdúró, nítorí ọmọ tí wọ́n rọbí rẹ̀ pẹ́ jù, ti rí iṣẹ́ abẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin tí ọkọ lé, tí ará ilé kì í fẹ́ jókòó tì nítorí òórùn, á padà sílé pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ.

Mo sọ gbogbo èyí kí n lè sọ ohun kan: ìlú kò gbọdọ̀ gbé ìlera mẹ̀kúnnù lé àwọn ẹni bíi Troup àti Isichei nìkan lọ́rùn. Ẹni tó máa fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn kò pọ̀. Ẹni tó lè yọ̀ǹda ọ̀sán Sátidé méjì lóṣù pọ̀ díẹ̀, bí a bá fún un ní ohun tí yóò mú orí rẹ̀ yá. Inú dídùn náà ló kúkú ń mórí yá.

Ṣé o mọ ohun tí ojú mẹ̀kúnnù ń rí ní ilé ìwòsàn? Jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta tòmátò ní ọjà Farin Gada ní Jos. Ibà ti dè é mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó dé ilé ìwòsàn, ó san owó káàdì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ fún un. Ó dé ojú fèrèsé ibi ìsanwó, wọ́n pe iye kan. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó tó wà níbẹ̀, kò pé. Ó ká ìwé àyẹ̀wò náà sí kékeré, ó dì í mọ́ etí ìró, ó ní òun ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló gbà lọ. Oògùn ibà kan, oògùn ara ríro kan, ó padà sídìí tòmátò rẹ̀. Dókítà kò ní mọ̀ láé bóyá ibà lásán ni tàbí táífọ́ọ̀dù. Nínú gbogbo 100 náírà tí à ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tó ń ti àpò ará ìlú jáde tààrà.

Ṣé o mọ̀ pé òfin kò gbà kí wọ́n lé ẹni tó wà nínú ewu ikú? Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ ọ́ ní apá 20 pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ yóò san 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ó yẹ kí gbogbo ilé mọ apá 20 yìí. Ṣùgbọ́n ibà obìnrin Farin Gada kì í ṣe pàjáwìrì títí yóò fi di pàjáwìrì.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti so láísẹ́ǹsì mọ́ ìtọ́jú mẹ̀kúnnù tipẹ́?

Mexico bẹ̀rẹ̀ ní 1936. Ọmọ tó bá ń kọ́ṣẹ́ dókítà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sin ìlú fún ọdún kan, àrọko ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń lọ, kó tó gba ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́.

South Africa ṣe tirẹ̀ ní 1998. Dókítà tí kò bá tíì fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kò lè dá dúró ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí òfin wọn fẹ́ máa sọ ibi tí dókítà gbọ́dọ̀ ṣí ilé ìwòsàn sí, ilé ẹjọ́ gíga ní Pretoria sọ ní 2022 pé ìyẹn lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wọn.

Ní Ṣáínà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní March 2022 sọ pé dókítà tó bá fẹ́ gòkè sí ipò àgbà gbọ́dọ̀ ti fi ọdún kan, ó kéré tán, ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀.

Íńdíà ló dùn mọ́ mi jù nínú àwọn wọ̀nyí. Dókítà ìjọba tó bá lọ ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà tàbí ibi tó le, wọ́n á fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún máàkì ìdánwò rẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan, títí dé ìdá 30, nígbà tó bá fẹ́ padà lọ kọ́ṣẹ́ àkànṣe. Gbogbo ọ̀dọ́ dókítà ló ń dù láti rí àyè ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà náà ńkọ́. Wọn kò fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà á. Wọ́n kàn sọ fún un pé: lọ sí abúlé, ọ̀nà rẹ yóò sì yá.

Ṣé o mọ̀ pé ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi iye owó tí dókítà lè gbà sínú ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì? Massachusetts ni, lọ́dún 1985, nígbà Gómìnà Michael Dukakis. Ìjọba àpapọ̀ wọn ní ètò adójútòfò ìlera fún àwọn àgbàlagbà, Medicare. Ètò náà ní iye tó kà sí owó tó tọ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kan máa ń lé owó sí i, wọn á ní kí arúgbó fi tirẹ̀ kún un. Massachusetts ní ó tán: ẹni tó bá fẹ́ láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ àwọn gbọ́dọ̀ gbà pé òun kò ní gba ju iye yẹn lọ́wọ́ aláìsàn Medicare. Ẹgbẹ́ dókítà pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní 1987, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dá ìjọba ìpínlẹ̀ náà láre. Dókítà ń ṣiṣẹ́ nípa àṣẹ ìlú, ìlú sì lè fi àdéhùn sí àṣẹ tó bá fúnni.

Florida gba ọ̀nà tó rọ̀ díẹ̀. Òfin wọn ti 1992 sọ pé bí dókítà bá bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé láti tọ́jú tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, ìjọba yóò kà á sí aṣojú rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, tí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ni ẹjọ́ yóò lọ. Ó ṣe pàtàkì gan-an, torí ìbẹ̀rù ẹjọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ wọn. Wọ́n tún gbà pé wákàtí tí dókítà bá fi tọ́jú tálákà lè dípò díẹ̀ nínú wákàtí ẹ̀kọ́ tó gbọ́dọ̀ ní kó tó tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe. Èyí bá ipò tiwa mu púpọ̀. Àwa náà ní máàkì CPD, àwa náà ń tún láísẹ́ǹsì ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn dókítà Nàìjíríà gan-an wà lára àwọn tí irú kóríyá báyìí ti gbé lọ sọ́dọ̀ tálákà? Àmọ́ tálákà Amẹ́ríkà ni. Dókítà àjèjì tó bá fi físà J-1 kọ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ kúrò nílùú wọn, kó lo ọdún 2 nílé tirẹ̀ kó tó lè padà lọ gba ìwé ìgbé. Ní 1994, sẹ́nétọ̀ kan láti North Dakota, Kent Conrad, ṣe òfin pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀bẹ̀ fún ìwọ̀nba dókítà kí wọ́n má padà, bí wọ́n bá gbà láti ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 níbi tí dókítà kò ti tó. 20 ni iye náà nígbà yẹn fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ó ti di 30 láti 2002. Ìlú kéékèèké tí ọmọ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ gbé ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń lọ tayọ̀tayọ̀, nítorí wọ́n mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọmọ tí owó ìlú kọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Jos ń tọ́jú àgbẹ̀ lọ́nà jíjìn réré. N kò dá a lẹ́bi. Ìjọba tó rí ohun tó wù ú, tó sì fi dá a lọ́lá, ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ìyá ni Jos àti Ìbàdàn nídìí ọ̀rọ̀ yìí? Ní November 1971, ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ṣí sí Jos. Ọdún 1975 ló dá dúró tó di Yunifásítì Jos. JUTH ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀. Ìbàdàn náà ló ti gbé ètò ìlera Ìbàràpá kalẹ̀ ní Igbó-Ọrà láti 1963, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́. JUTH náà ní ilé ìwòsàn ìgbèríko ní Gindiri àti ní Zamko. Dókítà wa ti ń mọ abúlé kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá gba ìwé ẹ̀rí náà tán ni ọ̀nà ń pín.

Ṣé o mọ̀ pé owó díẹ̀ wà nílẹ̀ tí a lè fi bẹ̀rẹ̀? Òfin 2014 yẹn dá àpò kan sílẹ̀ fún ìlera alábọ́dé, BHCPF. Ó kéré tán, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sí àpò gbogboogbò ìjọba àpapọ̀ ni kó máa wọ inú rẹ̀. Ìdá 10 nínú owó àpò náà, òfin sọ ọ́ ní tààrà pé kí wọ́n fi ró àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé lágbára. Ọdún 2018 ni owó tó kọ́kọ́ jẹyọ nínú ìṣúná, bílíọ̀nù 55 náírà. Ẹ ka ọdún náà dáadáa: òfin 2014, owó 2018.

Ní 2022, òfin mìíràn fìdí àjọ NHIA múlẹ̀, ó sọ adójútòfò ìlera di ọ̀ranyàn, ó sì ṣí àpò fún àwọn aláìní. Ní Plateau, PLASCHEMA ni àjọ tó ń bójú tó o. Obìnrin Farin Gada yẹn lè wà lórí ìwé wọn lọ́la. Àmọ́ káàdì adójútòfò kò wúlò bí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kò bá sí níbẹ̀.

Ohun méjì kan wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, ẹni tí yóò jẹ́rìí sí wákàtí. Bí a bá ní wákàtí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yóò di máàkì, àwọn kan yóò kọ wákàtí tí wọn kò ṣe. Ilé ìwòsàn tó ti ní orúkọ rere ló yẹ kó máa fọwọ́ sí i, kí MDCN sì máa yọjú síbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ìkejì wọ̀ mí lára jù: kí tálákà má di ibi ìdánrawò. Dókítà tó bá ń tọ́jú rẹ̀ nítorí máàkì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe ń tọ́jú ẹni tó sanwó, kó kọ fáìlì rẹ̀ dáadáa, kó fún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Ní àsìkò Kérésìmesì 2023, àwọn agbébọn ya wọ àwọn abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi, wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn, Jos sì ni wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ wá. Kò sí máàkì tó tó láti gbé dókítà lọ sùn síbi tí ìbọn ti ń dún. Kóríyá láísẹ́ǹsì lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìlú Jos àti Bukuru, níbi tí dókítà wà, tí tálákà sì wà, tó sì jẹ́ pé owó nìkan ló pín wọn níyà.

Ṣé o mọ ibi tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ náà sí? Ní ìparí ọdún, gbogbo dókítà tó fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ ní Nàìjíríà yóò tún tọ MDCN lọ, yóò sanwó, yóò sì kó ẹ̀rí máàkì rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù náà: wákàtí mélòó lo fi tọ́jú ẹni tí kò lè sanwó lọ́dún yìí, níbo, ta ló jẹ́rìí sí i? Kí iye tó bá kọ síbẹ̀ dín owó láísẹ́ǹsì rẹ̀ kù, kó kún máàkì rẹ̀, kó sì tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pín àyè ìkọ́ṣẹ́ àkànṣe. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ní Faith Alive yóò ní ohun púpọ̀ láti kọ síbẹ̀.